Ìdúpẹ́ Tá A Ṣe Lórí Ìràwọ̀ Méjì

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Mowe nígbà tí mò ń kàwé gboyè másítà ní yunifásítì. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí!

Ìràwọ̀ niṣẹ́ mi. Bí ìràwọ̀ kan bá kọjá níwájú òmíràn tó jìnnà, agbára òòfà rẹ̀ máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ èyí tó wà lẹ́yìn, èyí ẹ̀yìn náà á sì mọ́lẹ̀ gan-an fúngbà díẹ̀. Èyí tí mò ń wò tún ní ìmọ́lẹ̀ mìíràn lára tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo bá ní ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ló kọjá. Ó ku kí tẹlisíkóòpù ńlá kan lókè òkun ya fọ́tò tó mọ́ kedere, ká lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ta ló rán mi níṣẹ́ tí mo sọ fún màmá mi? Kí fọ́tò tó dé, wọ́n ti forúkọ wa sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn àǹtí mi ń bọ̀ láti Akute àti Ifo. Màmá mi ní ọmọ àwọn rí ìràwọ̀ tọkọtaya lójú ọ̀run.

Ní Sátidé, mo lọ wo íméèlì ní káfè. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Ó rọra ń ṣí láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ẹní. Nígbà tó ṣí tán, ìmọ́lẹ̀ tí mo pè ní ìràwọ̀ kejì dá dúró lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àjèjì pátápátá! Kì í ṣe ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ló kọjá.

Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n ní ká ṣáà dúpẹ́ ná, kí n tún un ṣe ní Mọ́ńdè, àbí ta ni nínú ìjọ ló fẹ́ gòkè lọ wò ó? Inú bí mi. Ẹ̀rí irọ́, níwájú pẹpẹ?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a jó dé iwájú. Wọ́n gbé máíkì fún mi. Màmá mi ń fún mi lọ́wọ́ pọ̀ pé kí n má sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará, mo ṣìṣe. Fọ́tò ti dé. Àwọn ìràwọ̀ náà kì í ṣe tọkọtaya, wọn ò mọra wọn rí."

Mo dá máíkì padà. Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Ó dùn mí wọra.

Àfi bí mo ṣe gbóhùn wọn níta lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ń bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀: "Tọkọtaya ni wọ́n pe àwọn ìràwọ̀ yẹn o! Ọmọ mi ló wò wọ́n dáadáa, ló ní irọ́ ni!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ẹ má so yìgì fún ohun tẹ́ ò tíì rí dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bá yín dúpẹ́ lórí ohun tí kò tíì dájú? Kí lẹ sọ nígbà tí máíkì dọ́wọ́ yín?