Nígbà Tí Fìdítì Ń Pè Mí Ní Dókítà

Òtútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́, nítorí ọyẹ́ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ lù. Òtútù tí mo ń sọ yìí, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Inú yàrá kan ní yunifásítì ni kọ̀ǹpútà wa wà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù tì í níhìn-ín lọ́hùn-ún kí ooru má baà mú un. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kọ́ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ojú fèrèsé la ti ń wò ó, bí àlejò tó wá kí ọba tí àwọn ìlàrí kò jẹ́ kó dé iwájú kábíyèsí. Bí a bá fẹ́ kó bá wa ṣe iṣẹ́ kan, a ó kọ ohun tí a fẹ́ sínú ìwé, a ó wá fi ẹ̀rọ mìíràn lu ihò sára àwọn káàdì líle, ìlà kan sí káàdì kan. A ó di káàdì náà pọ̀, a ó fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lójú fèrèsé, a ó sì máa lọ. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, a ó padà wá gba èsì. Bí àmì ìdánudúró kan bá ṣe àṣìṣe bọ́ síbi tí kò yẹ, ẹ̀rọ náà á kọ gbogbo rẹ̀ padà fún wa, kò sì ní tọrọ àforíjì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà gbéraga díẹ̀. Mo máa ń di káàdì mi mọ́ àyà, màá rọra gba iwájú àwọn tó ń kọ́ òfin kọjá, kí wọ́n lè bi mí pé kí ni mo gbé dání. Wọn kì í béèrè. Àwọn obìnrin tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, débi pé àwọn olùkọ́ wa pàápàá ń fi ojú kan ka ìwé, wọ́n ń fi ojú kejì kọ́ wa.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Iṣẹ́ dókítà ni èmi àti bàbá mi jọ ń lá àlá rẹ̀. Bàbá mi ni tíṣà àgbà ní ilé ìwé míṣọ́n kan ní Fìdítì, ìdajì àwọn tó mọ̀wé nílùú ló sì ti jẹ pàṣán rẹ̀ rí. Bí rédíò bá sọ̀rọ̀ tí kò yé àwọn ènìyàn, ilé wa ni wọ́n ń bọ̀. Bí òṣùpá bá ṣókùnkùn, ilé wa ni wọ́n ń bọ̀. "Ẹ jẹ́ ká bi Tíṣà" ni òpin gbogbo àríyànjiyàn. Nígbà tí yunifásítì sọ pé kò sí àyè fún mi nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n pé àyè wà nínú ti kọ̀ǹpútà, mo lọ sọ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó gbé ń bó ọsàn.

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?" ló bi mí.

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ó ń ṣe ìṣirò."

"Ìṣirò?" Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ṣé ìṣirò tí mo kọ́ ẹ kò tó ni?"

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí èmi náà mọ̀ nìyẹn. Ó jẹ ọsàn rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti dúpẹ́ pé ọmọ òun ń lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bàbá mi kò lè ṣa tirẹ̀ jọ. Nígbà tí mo bá wálé, àwọn ènìyàn á máa kí mi pé, "Dókítà wa, ẹ káàbọ̀ o!" Mo rò pé àpọ́nlé lásán ni, pé bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ yunifásítì nìyẹn. Bàbá arúgbó kan ní Ìlọrà tilẹ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún rẹ̀ tó wú hàn mí. Mo rò pé ó ń ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè dìde ni. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì bá tèmi lọ. Bí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, irọ́ ni.

Ó wá ku díẹ̀ kí ọdún Àjíǹde pé nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Mo wọ bọ́lẹ̀kájà láti Ìbàdàn, mo sì bọ́ sílẹ̀ létí títì níbi tí ìyá mi ti máa ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ọsàn wà lórí àtẹ, ìyá mi kò sí níbẹ̀. Kó tó di pé mo ro ohun tó lè fà á, obìnrin kan ti rí mi láti òdìkejì títì, ó sì figbe ta: "Dókítà ti dé! Ọlọ́run ṣeun, Dókítà ti dé!" Ó já àpò mi gbà, ó ń sáré níwájú, èmi náà ń sáré tẹ̀lé e láìmọ ohun tí mo ń sáré fún.

Èrò kún ilé wa. Ní àárín wọn ni Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó sí, aládùúgbò wa kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tó máa ń sáré pàdé mi tẹ́lẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n lanà fún mi. Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ọrùn rẹ̀ sì le gan-an.

"Dókítà, ẹ gbà mí," ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí. "Láti ìrọ̀lẹ́ ìjẹta ni. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ní ẹ ń bọ̀ lónìí, la bá ní ká dúró dè yín."

Mo wo bàbá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá Ẹlẹ́kọ," ni mo wí, ohùn mi kò sì jọ tèmi létí ara mi, "èmi kì í ṣe dókítà. Kì í ṣe iṣẹ́ dókítà ni mo ń kọ́. Ẹ̀rọ ni mo ń kọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ara ènìyàn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sọ́dọ̀ bàbá mi, ó sì bi í bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bi olùkọ́ rẹ̀: "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá mi ló já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ mi, tó pọ̀n ọ́n, tó fa ọ̀já le. "Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ná," ló wí. "Ọ̀yọ́ yá." Ó kọjá lára bàbá mi láìwo ojú rẹ̀, ó sì ń sáré lọ sí títì, èmi àti Ìyá Ẹlẹ́kọ tẹ̀ lé e. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí a dá dúró kún fún èrò tó ń lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn. Dẹ́rẹ́bà wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí padà sí àwọn èrò rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Ní gbogbo ọ̀nà títí a fi kọjá Ìlọrà, Ìyá Ẹlẹ́kọ ń ka àdúrà sí ọmọ rẹ̀ létí, ó sì ń pè é lórúkọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ọsibítù bínú. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé e wá?"

"À ń dúró de dókítà ni," ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí.

"Dókítà wo?"

Ìyá Ẹlẹ́kọ wò mí. Mo rò pé yóò nawọ́ sí mi, ìbá sì tọ́ bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kàn gbé ojú kúrò, ó ní, "Kò sí."

Ọmọ náà kò kú. A dúpẹ́ títí a fi gbàgbé pé àìsàn lè lọ kó fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó lè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àwo irin kan já bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ariwo rẹ̀ mú kí gbogbo wọ́ọ̀dù ta gìrì. Ọmọ náà nìkan ni kò mì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ìyá Ẹlẹ́kọ pè é láti ẹ̀yìn. Ó tún un pè. Ó wá rìn yí lọ síwájú rẹ̀, ọmọ náà rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí mo ṣe délé ni mo wá bàbá mi lọ sí oko ọsàn rẹ̀. Mo sọ fún un pé etí ọmọ náà ti di. Ó fara ti igi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èyí tí n kò rí i kó ṣe rí.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni?" ló wí. "Bí mo bá dárúkọ ohun tí ò ń kọ́, wọ́n á ní kí n ṣàlàyé ẹ̀. Látìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà nílùú yìí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé mi ò mọ̀. Ẹnu mi ò gbà á."

Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo irun funfun rẹ̀ tí ewé ọsàn bọ́ lé, igbe náà kò jáde. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé ọmọ náà padà sílé, bàbá mi gba ilé wọn lọ tààrà. Lójú ọ̀sán gangan, lójú àwọn tó wá ra ẹ̀kọ, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ yẹn sáré gbé e dìde. "Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kádàrá ni." Ìyàwó rẹ̀ ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ sínú ewé lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi dìde nínú ìjọ, ó jẹ́wọ́, ó sì fi ipò tó dì mú níbẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan kò kí i mọ́. Àwọn kan ń kí i jù.

Mo padà sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá mi lọ. Bí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ tí a fi ń lu káàdì, ìró kan-kan-kan rẹ̀ á máa dùn létí mi, màá sì máa rò ó pé ẹnì kan wà ní Fìdítì tí kò ní gbọ́ ìró kankan mọ́. Mo lu káàdì lódìlódì. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan. Ní ìkẹyìn mo tọ olórí ẹ̀ka wa lọ, mo ní mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Ta ló parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" ló bi mí. "Ṣé kọ̀ǹpútà ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Máa lọ. Bó o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò, màá buwọ́ lù ú."

N kò padà lọ bá a. Ẹ má rò pé ìgboyà ni. Ó rẹ̀ mí ni, ọ̀nà tí mo ti ń rìn bọ̀ sì ni ẹsẹ̀ mi mọ̀.

Kí n tó gboyè, bàbá mi wá kí mi, ìgbà kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ síbi fèrèsé yàrá ẹ̀rọ. Mo fi káàdì kan hàn án, mo ṣàlàyé ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan ń wí. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Kò yé mi," ló wí. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó tún ní kò yé òun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nítòsí ń gbọ́, kò sì bìkítà. A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Òun ló mú ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ sí ilé ìwé àwọn adití ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbà. Ó ń lọ wò ó níbẹ̀ títí òun náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka rẹ̀ ti le. Ọmọ náà di télọ̀, ó lọ́kọ, ó bímọ. Nígbà tí a sin bàbá mi, ó dúró létí sàréè, ó fi ọwọ́ sọ ohun kan tó gùn. N kò gbọ́ èdè náà. N kò sì ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lónìí, àwọn ọmọdé ń gbé e sápò kiri Fìdítì, ẹnikẹ́ni kò sì nílò kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Ní ìjọ́sí, mo lọ kí Ìyá Ẹlẹ́kọ, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Lẹ́yìn ọdún gbogbo wọ̀nyí, mo ní àyà láti bi í bóyá ó ti dárí ji bàbá mi.

"Mo ti dárí jì í tipẹ́," ló dá mi lóhùn. "Ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ yẹn ni. Ènìyàn dáadáa ni Tíṣà." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ lórí itan. "Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá ti kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ṣì máa ń pè é."