Apá Ọ̀tún Ìwé Orin Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá wa kú n'Ìkẹ́rẹ́, àbúrò mi obìnrin wà lókè òkun, kò sì lè wálé. Ohun kan ló bẹ̀ mí: bí mo bá ń lé orin ìyá wa létí ibojì, kí òun máa gbè é lórí fóònù. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti fi ulé sílẹ̀, àwọn orin náà ò sí lórí rẹ̀ mọ́.

Ìwé orin wà. Èmi ni mo tò ó fún ìtẹ̀wé nígbà ayé ìyá wa: lílé wà lápá òsì, ègbè lápá ọ̀tún, bí òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń kọjú síra wọn kọrin. Ojú ìwé yẹn fẹ̀ ju fóònù lọ. Mo wá ètò kọ̀ǹpútà tí yóò sọ ọ́ di ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì dán mẹ́ta wò.

Èkíní kàn ya fọ́tò ojú ìwé ni. Àbúrò mi pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé orí òkè Olosunta lẹ gbé e sí ni? Mo fẹjú títí, n ò rí nǹkan."

"Fà á kó tóbi."

"Tí mo bá fà á, ègbè á bọ́ síta, á wá ku ẹ̀yin nìkan. Ẹ sì mọ bí ohùn yín ṣe rí."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá.

Èkejì yá, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ó ka apá òsì tán látòkè délẹ̀ kó tó kan apá ọ̀tún. Ìyá mi ń lé orin, ẹnìkan ò dá a lóhùn. Nígbà tó ṣe, ègbè bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé. Mo kà á tán, mo dìde, mo lọ bu omi mu. Kò ṣe mí bákan.

Ẹ̀kẹta lọ́ra. Ọjọ́ méjì ni mo fi sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tó ń dá èyí lóhùn. Àmọ́ ègbè kọ̀ọ̀kan bọ́ sábẹ́ lílé tirẹ̀. Mo fi ránṣẹ́.

"Ó ti dáa," àbúrò mi wí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbé fóònù dání, mo lé ìlà àkọ́kọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà. Àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ gbè é, mo nawọ́ dá wọn dúró. Pásítọ̀ wo aago. Ohùn àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, ó tín-ín-rín, ó sì pé. Mo lé ìlà kejì, mo tún dúró dè é.