Ọjọ́ tí Mo Sún Eré Síwájú ní Pápá Hotoro

Sátidé méjì léraléra ni òjò ti lé wa kúrò ní pápá. Nígbà tí ojú ọ̀run tún ṣú dẹ̀dẹ̀ ní Sátidé kẹta, mo di gbohùngbohùn mi mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí mo lè gbà sá, nítorí èmi ni mo máa ń sọ fún èrò pé kí wọ́n máa lọ sílé. Òjò kọ́ ni wọ́n máa ń bínú sí. Èmi ni.

Ohùn ni mo fi ń jẹun. Kì í ṣe orin o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí mo bá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó jókòó níwájú mi á máa wẹ̀yìn. Ìkéde ni tèmi. Èmi ni mo ń kéde eré alùpùpù ní pápá kan lẹ́yìn Hotoro, níbi tí àwọn géńdé ti ń sáré yípo lórí ilẹ̀ pupa, tí eruku á bo gbogbo wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìlọ̀ èlùbọ́. Lasifíkà ni àwọn Hausa ń pe gbohùngbohùn, nítorí náà Mama Lasifíkà ni wọ́n mọ̀ mí sí. Àwọn ọmọ tí mo fi inú mi bí gan-an ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ reluwé ló gbé bàbá mi dé Kano. Nílẹ̀ Yorùbá, Sábó ni wọ́n ń pe àdúgbò àwọn Hausa. Níbí, àwa ni Sábó tiwọn. Ọjà Singer ni mo ti kọ́kọ́ fi ohùn ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní páálí-páálí, ó wá gbé lasifíkà kan sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n máa fi pe oníbàárà. Mò ń pè wọ́n ní Hausa, mò ń pè wọ́n ní Pidgin, mo sì ń pè wọ́n ní Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, Alhaji tó ni pápá wá ra ṣúgà. Ó dúró, ó tẹ́tí sí mi títí, ó ní, "Mama, ẹni tó bá lè ta ọṣẹ báyìí, á lè ta eré."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ní pápá kò dára. Tàjú, mẹkáníìkì kan láti Sabon Gari wa, ló ṣáájú, inú mi dùn débi pé mo kéde pé ó ti gbégbá orókè, nígbà tó jẹ́ pé ó ṣì ku ìyípo kan. Tàjú gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó fi dúpẹ́. Alùpùpù kò mọ ìyẹn, ó gbé e lọ bá àwọn ẹlẹ́pà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀pà nìkan ló dànù. Bàbá Ràímì ló fà á dìde, ó sì rìn wá bá mi.

"Fọlákẹ́," ó ní, "ojú ni kó kọ́kọ́ ríran kí ẹnu tó sọ̀rọ̀."

Bàbá Ràímì yìí ni olùtọ́jú pápá. Ará Ọ̀fà ni, Mùsùlùmí tó ti pẹ́ ní Kano, ó sì ti wa róólà fún àwọn tó ń ṣe títì kó tó bá Alhaji ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́ mi pé ilẹ̀ ní ọgbọ́n. Bí ó bá fura pé òjò ń bọ̀, á gun róólà nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, á máa tẹ ilẹ̀ títí tí yóò fi máa dán, kí omi lè ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láì wọlé. Ó ní òun ti dé ilẹ̀ ní fìlà nìyẹn. Bí òjò bá dá, á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. Bí gìgísẹ̀ bá wọlé, kò sí eré, nítorí alùpùpù á yọ̀, á sì pa ẹni tó ń gùn ún. Mi ò rí kó parọ́ lórí gìgísẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n èrò kò fẹ́ gbọ́ nípa gìgísẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ba eré jẹ́, a máa ń lu òǹtẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì kó lè wúlò fún ọjọ́ mìíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì òjò la ń pè é. Ní Sátidé kejì, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Danladi, ará àdúgbò Brigade, na tirẹ̀ sí mi lójú. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì nítorí eré tí kò rí, ìyàwó rẹ̀ sì ti fọ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣòkòtò, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Mo ní, "Ku yi haƙuri," pé kí wọ́n ṣe sùúrù.

"Haƙuri?" Danladi ní. "Haƙurinmu ya ƙare." Sùúrù àwọn ti tán. Ó tún ní mo ń fi àwọn ṣe ọ̀bọ, pé mo mọ̀ láti àárọ̀ pé òjò máa rọ̀. Inú bí mi. Mo bi í bóyá èmi ni mo ń fún òjò ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pariwo, ẹnì kan sì ju ẹrẹ̀ bà mí ní gèlè. Àwọn àgbà ní ẹni òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ará Brigade.

Láàrin ọ̀sẹ̀, Alhaji ránṣẹ́ pe èmi àti Bàbá Ràímì. Kò gbójú sókè wò wá. Ó ní àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti ń bẹ òun fún ilẹ̀ náà tipẹ́. Bí eré kò bá wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀, ní ọjọ́ Mọ́ńdè wọn á kó yanrìn wọn wọlé. Bàbá Ràímì ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ibi tí mo ti fi ọwọ́ mi tẹ́ bí ẹní, wọ́n fẹ́ máa po sìmẹ́ńtì níbẹ̀." Omi lé sí mi lójú. Èmi náà mọ̀ pé ní ọjọ́ orí mi, kò sí ọjà tó tún máa wá ohùn mi.

Báyìí ni Sátidé kẹta ṣe bá wa. Láàárọ̀, oòrùn ràn gan-an. Èrò wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n kó tíkẹ́ẹ̀tì òjò wọn dání. Lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán, àwọn eléré ti to alùpùpù sórí ìlà nígbà tí ojú ọ̀run ṣàdédé ṣú, tí òjò sì dé. Ó rọ̀ kíkan-kíkan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èrò kò lọ. Wọ́n sá sábẹ́ tapólì, wọ́n sá sábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo olè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Òjò dá. Bàbá Ràímì lọ sí ibi kọ́nà tó wà lẹ́nu géètì, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Gìgísẹ̀ wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó mi orí sí mi. Alhaji, tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n lé wọn lọ. Iná ti lọ, nítorí náà gbohùngbohùn ọwọ́, èyí tó ń lo bátìrì, ni mo gbé.

Hausa ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìkéde. Ṣùgbọ́n Danladi dúró sí iwájú gan-an, ó fi náílọ́ọ̀nù wé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ojú sì tì mí láti pe haƙuri níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo yí sí apá òsì níbi tí àwọn ará Sabon Gari wà. Mo ní kí n ti ọ̀dọ̀ àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀. Omi òjò ti wọ inú bátìrì.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," mo ní, "ẹ jọ̀wọ́, a ti sún eré síwájú."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sún síwájú ti di ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí a bí sí Kano, etí ni wọ́n fi gbọ́ Yorùbá. A ń sọ ọ́ sí wọn nílé, Hausa ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Ibi tí wọ́n ti mọ "sún síwájú" ni orí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìyá wọn bá fẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè jókòó. Bísí, tó ń ṣe irun ní òpópónà wa, wà níwájú wọn. Bátìrì ti gbé ọ̀rọ̀ mi mì, "sún" àti "síwájú" nìkan ló dé etí rẹ̀. Ó yí sẹ́yìn, ó sọ fún àwọn ará Brigade ní Hausa pé, "An ce mu matso gaba." Wọ́n ní ká sún síwájú.

Danladi gbé okùn tí a ta yí pápá ká sókè, ó wọlé. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀. Ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ ènìyàn ń rìn lórí ilẹ̀ tí Bàbá Ràímì kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ gbà kọjá. Bàbá sáré dé, fìlà rẹ̀ ti jábọ́.

"Fọlákẹ́, kí lo sọ fún wọn?"

"Bàbá, mo ní a ti sún un síwájú ni."

"Ta lo sún síwájú?"

Mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu kí n lé wọn padà. Àfi bí Bàbá ṣe di ọwọ́ mi mú. Ó ń wo ẹsẹ̀ Danladi. Ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀ gbìn-ìn, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò pupa, ó sì ń dán. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó tún fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé.

"Fìlà tí mo dé ilẹ̀ ní Jímọ̀ ṣì wà lórí," ó ní. "Ibi tí mo dán wò ni kò dára. Tírélà tó kó omi wá lánàá ti fọ́ ẹnu géètì. Ẹrẹ̀ òkè lásán ló wà níyòókù. Má lé wọn, ọmọ mi. Ní kí wọ́n kó ẹrẹ̀ náà kúrò."

Ẹ wo iṣẹ́ ohùn! Mo gun orí àga. Mo ní kí ará Brigade gba apá ọ̀tún, kí ará Hotoro gba àárín, kí Sabon Gari gba apá òsì, kí a wo ẹni tó lágbára. Ṣọ́bìrì mẹ́rin péré la ní. Wọ́n fi pákó gbá ẹrẹ̀, wọ́n fi páálí gbá a, Bísí bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó fi ń ha á. Danladi yá tíréè lọ́wọ́ ẹlẹ́pà. Mò ń kéde bí ẹni ń kéde àṣekágbá. "Brigade ti ń lọ! Sabon Gari, ṣé ẹ wá sùn ni? Ẹ má dójú tì mí o, ẹ̀yin ọmọ yìí!" Àwọn tó fẹ́ jẹ mí níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín.

Alhaji bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ká bàbáńrígá funfun rẹ̀ sókè. Ó bèèrè ẹni tó ní kí wọ́n wọlé.

"Èmi ni, Alhaji," mo ní. "Mo fẹ́ lé wọn lọ ni. Yorùbá mi ni kò gbà."

Ó wo èrò, ó wò mí, ó wo oòrùn. "To," ó ní, pé ó dáa. "Kí wọ́n tètè, kí ìrun Magrib má bá wa níbí." Ó bọ́ bàtà, ó dúró.

Wọ́n kó ẹrẹ̀ tán. Wọ́n fi yangí gbígbẹ dí kòtò ẹnu géètì, Bàbá Ràímì sì gun róólà yí pápá po. Lẹ́yìn náà, àwọn eléré rọra wa alùpùpù ní méjì-méjì, kí táyà lè tẹ ilẹ̀ náà le. Oòrùn Kano kò sì mọ eré, kíá ló ti gbẹ ohun tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí Bàbá fi gìgísẹ̀ tẹ ẹnu géètì tó sì gbé àtàǹpàkò sókè sí mi, ariwo tó sọ ga ju ohùn mi lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sáré. Tàjú tiwa ló ṣáájú, Sani ará Brigade lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní ìyípo tó kẹ́yìn, wọ́n jọ yọ ní kọ́nà géètì, kò sí ẹni tó yọ̀. Gbogbo èrò ń wo ẹnu mi. Mo pa á mọ́. Mo dúró títí táyà fi kọjá ìlà, mo rí i kedere, kí n tó kéde pé Sani ni. Tàjú ni ọmọ wa o, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ojú mi ló kọ́kọ́ ríran lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Ràímì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

Danladi dé pẹ̀lú ẹkún ayọ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó tú náílọ́ọ̀nù, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì tó ti rọ̀ yẹn lé mi lọ́wọ́. "Mama, gba," ó ní. "Mo ti wò ó." Ó wà nínú Bíbélì mi títí di òní.

Ní Mọ́ńdè, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù kó yanrìn dé, Alhaji ní kí wọ́n wá ilẹ̀ ibòmíràn lọ.

Òjò ṣì ń rọ̀ lé wa lórí, òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á kọ̀ pátápátá, tí n ó sì pe haƙuri. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ju ẹrẹ̀ mọ́ mi mọ́, wọ́n ti mọ̀ pé kíkó la ń kó o. Ṣọ́bìrì wà nínú ọkọ̀ àwọn mìíràn báyìí. Bí òjò bá ti dá, gbogbo wọn á wá dúró lẹ́nu okùn, Hausa, Igbo àti Yorùbá, wọ́n á dákẹ́ kí Bàbá Ràímì fi gìgísẹ̀ arúgbó rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò ní ibi mẹ́ta. Danladi, tí kò gbọ́ Yorùbá mìíràn láyé rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ ké pè mí: "Mama Lasifíkà, sún wa síwájú!" N ó wo ojú Bàbá. Bí ó bá ti gbé àtàǹpàkò sókè, n ó ní kí wọ́n sún síwájú.