Agolo Òkúta àti Ọbẹ̀ Awakọ̀ Tírélà

Mo rántí ìgbà tí eruku àpò ìrẹsì kì í kúrò nínú imú mi. Àpò tó ya là ń rán ní ilé ẹrù kan ní Warehouse Road, èmi àti àwọn obìnrin Ajégúnlẹ̀ bíi méje. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò ni mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi bá mi kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ wa kejì ni, èyí tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún wa lé lórí.

Ilé àjùmọ̀gbé là ń gbé nígbà náà. Bí o bá ránṣẹ́ sí ẹnì kan láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, onílé ti gbọ́, ẹlẹ́kọ ti gbọ́. Ni àwa obìnrin bá ń bá àwọn èèyàn gbé ìwé láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ láìjẹ́ kí a mọ ẹni tó kọ ọ́ sí ta ni. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò fi náílọ́ọ̀nù dì í lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú òwú aláwọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin àkọ́kọ́ mọ ẹni tó rán an, kò mọ ibi tó ń lọ. Ti àárín ò mọ nǹkan kan rárá; yóò tú náílọ́ọ̀nù kan, àwọ̀ òwú tó bá rí lábẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí yóò gbé e fún. Ti ìkẹyìn mọ ẹni tó ni ín, kò mọ ibi tó ti wá. Bí a ṣe ń dì í kì í ṣe awo, ẹni tó bá fẹ́ lè wá kọ́ ọ. Orúkọ nìkan la ń pa mọ́. Nítorí pé mi ò mọ̀wé ni wọ́n ṣe fi mí ṣe olórí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí á fi èyí kún un, kí á fi tọ̀hún kún un. Ẹnì kan ní kí á máa gbé adìyẹ, ẹnì kan ní ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹnì kan ní kí á lọ kúnlẹ̀ kí ìyá ìyàwó òun, kí á má sì sọ ẹni tó rán wa. Ọwọ́ wa ò ká gbogbo rẹ̀, ni mo bá ṣòfin: agolo mílíìkì kan fún ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ilé ẹrù níbi tí ojú ò tó. Kí oníkálukú lọ ju òkúta kan sínú èyí tó wù ú. Agolo tó bá wúwo jù la ó kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní bí ògún ẹni bá dáni lójú, à fi gbárí ni. Mo fi tèmi gbárí.

Obìnrin kan wà tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Àpápá. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ibà sì ti dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Ìwé wa ń lọ ni, èsì kì í bọ̀, torí obìnrin ìkẹyìn ò mọ ẹni tí yóò dá a padà fún. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọgbọ́n kí èsì lè máa padà. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi ṣì wà láàyè.”

Mo gbé àgbọ̀n sókè bí ìyàwó gómìnà. “Lọ ju òkúta rẹ. Òfin ò mojú.”

Nígbà tó di Jímọ̀, agolo ọbẹ̀, èyí tí a so ṣíbí mọ́, kún àkúnwọ́sílẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ló wà nídìí agolo èsì. “Ará ìlú ti sọ̀rọ̀,” ni mo wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi kọ́ bí a ṣe ń fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta di ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná.

Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ dé Liverpool Road láìní ẹran kankan nínú. A ò sì lè bi ẹnikẹ́ni, torí ẹni àkọ́kọ́ ò mọ ẹni ìkẹyìn. Òfin wa ti bá olè bo ara rẹ̀ dáadáa. Ni bàbá awakọ̀ tírélà kan, tó ti tò síbẹ̀ láti bí oṣù kan kó lè wọ èbúté, bá já wọ ilé ẹrù tòun ti ìkòkò lọ́wọ́.

“Ta ló jẹ ẹran mi? Èmi tí mo ju òkúta mọ́kànlélógójì sínú agolo yẹn! Ìyàwó mi kékeré fara balẹ̀ se ọbẹ̀ yìí!”

Abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa. Ìyàálé bàbá náà ni, òun náà ló sì gbé ọbẹ̀ ọ̀hún ní àárín ọ̀nà láìmọ̀ pé ti ta ni.

“Bàbá àwọn ọmọ mi,” ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ìyàwó kékeré wo? Ṣebí Kánò lẹ ní ẹ wà?”

Bàbá wo ìkòkò, ó wo ìyàwó. “Mo ti ń padà bọ̀ ni,” ló wí, ó sì bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyàálé mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. “Iyọ̀ tiẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹran yẹn.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òkúta mọ́kànlélógójì, ọ̀fun kan ṣoṣo! Lọ́jọ́ náà gan-an la wá ọgbọ́n dá sí èsì: ẹni tó bá kọ̀wé yóò fi náílọ́ọ̀nù òfìfo sínú rẹ̀, èyí tó ti so òwú tí yóò tọ́ èsì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò gbà wá ju ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ kẹta, èsì dé ọwọ́ mi, mo sì gbé e fún ọmọ ọ̀dọ̀ náà lẹ́nu géètì ọ̀gá rẹ̀. Eyín ló fi tú u. Ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“Ìyá mi ní ọmọ ti ń jẹun, ó sì ti ń bú gbogbo ará ilé.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ju òkúta púpọ̀ bíi ti bàbá ọlọ́bẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

“Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní òkúta kan.”

Ọmọ yẹn á ti di bàbá ọmọ báyìí. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ti dàgbà, ilé mi kún fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, oníkálukú ń pariwo ohun tó ń fẹ́. Mo ń gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tó lọ jókòó jẹ́jẹ́, òun ni mo kọ́kọ́ ń dìde lọ bá.