Fáànù tí Wọ́n Fi sí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Inú mi kò tíì rọ̀ títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹni tí ó yẹ kí n bínú sí ni mò ń bínú sí. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó ṣe kókó jù lọ ni n kò kọ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Àpápá, ọ̀gá tí ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń kọ ìwé ẹrù, òun ni ó ń dúró nínú oòrùn, òun ni ó ń bá àwọn awakọ̀ tírélà fa ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, orúkọ ọ̀gá ni ó wà lórí gbogbo ìwé, nítorí pé ọ̀gá ni ó ní ìwé àṣẹ. Ìdánwò kan wà tí ènìyàn lè fi gba àṣẹ tirẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, kálukú nílé rẹ̀, fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú láàárín kò lè padà wọlé mọ́.

Ní ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, n kò rántí ìgbà tí iná tàn fún wákàtí mẹ́ta láìṣẹ́jú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí èmi tí mo kàwé wá kọ̀ǹpútà tí yóò lè fara dà á. Mo rí ọ̀kan lójú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ta tòkunbọ̀ lórí tábìlì. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì kiri nínú báàgì. Pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀. Kò yára. Ṣùgbọ́n nítorí pé iná díẹ̀ ni ó ń jẹ, kì í gbóná. Nítorí pé kì í gbóná, àwọn tí ó ṣe é kò fi fáànù sí i rárá. Bátìrì rẹ̀ sì ń lo wákàtí mẹ́fà kí ó tó kú. Mo dán an wò nílé. Mo kọ wákàtí mẹ́fà náà sínú ìwé mi, mo sì fàlà sí i nídìí. Ìyẹn dá mi lójú.

Ọkùnrin tí ń tà á ti kọ́kọ́ gbé etí lé e.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú o, èyí ò dún. Ẹ mú òmíràn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀nà yẹn, etí ni wọ́n fi ń ra ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tírélà yóò ní kí wọ́n tan án kí òun gbọ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra fíríìjì yóò na etí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí kò bá dún, òkú ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó dé nígbà tí bọ́tìnnì kan kọ̀ tí kò tẹ̀ mọ́. N kò sí nílé. Ibi iṣẹ́ mi ní Àpápá ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń tún un ṣe ní àdúgbò wa. Ọkùnrin náà tú ìdí rẹ̀, ó wo inú, ó sì figbe ta.

“Ha! Àǹtí, wọ́n ti jí fáànù yín ní wọ́ọ̀fù!”

Mo ti gbìyànjú láti má bínú sí gbólóhùn yẹn, nítorí mo mọ ibi tí ó ti wá. Ẹni tí a bí sí àgbègbè wa mọ̀ pé ọjà kì í sábà gba èbúté kọjá kí ó pé. Mọ́tò á dé, rédíò rẹ̀ á ti lọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ á dé, wọ́n á ti gé okùn iná rẹ̀. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ wa bá rí i pé nǹkan kò sí, kì í bi ara rẹ̀ bóyá ó yẹ kí ó wà. Olè ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣépè fún.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù pé kí ni kí òun ṣe. Èmi rántí pé mo ní, “Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.” Mo rántí rẹ̀ tohùn-tohùn, mo rántí bí mo ṣe dìde lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi rántí pé mo ní, “Ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe yẹ,” tí mo sì pa fóònù. Nígbà tí mo ṣí ìwé mi sí ọjọ́ náà, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: *Ẹ̀gbọ́n pè nípa kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dá wọn lóhùn.* Èmi tí mo kọ ohun tí mo jẹ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn sílẹ̀, n kò kọ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn.

Ọkùnrin náà fi iná dá ihò sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ó yọ fáànù ńlá kan lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó ti bàjẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó sì fa wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì. Ó dún bí agbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wálé tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí iná bá wà nìkan ni ó ń fi í kẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé fáànù náà ń mu bátìrì bí ẹní mu omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, iná lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dáhùn ìbéèrè kejì. Kò já a láyà. Mo ti sọ fún un pé bátìrì ń lo wákàtí mẹ́fà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn wákàtí kejì tí kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn.

Ní ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì lọ bá oníṣẹ́ náà. N kò tilẹ̀ kí i.

“Ta ló ní kí ẹ fi fáànù sí i?”

“Ẹ káàárọ̀ ná, Bọ̀dá. Ṣé wọn kì í kí ènìyàn ní yunifásítì ni?”

“Kọ̀ǹpútà yẹn ò nílò fáànù!”

“Kọ̀ǹpútà wo ni ò nílò fáànù? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan péré.”

“Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ṣé ó ní fáànù?”

Obìnrin tí ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Ó ti mú yín o, ọ̀gá!”

Ọkùnrin náà yí fóònù rẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. “Fóònù nìyí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àǹtí, ẹ sọ òótọ́: lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ṣé ó gbóná?”

“Kò gbóná,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹ ò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!”

Orí mi gbóná. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí mi. “Àti pé, ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ. Àǹtí ló jíṣẹ́ fún mi níbí, fóònù ò tíì kúrò létí wọn.” Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Àwọn tí ó ṣètò ìdánwò ní kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn ọkàn kọ lẹ́tà. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi kọ ojú ìwé méjì, mo to gbogbo ẹ̀bi lé oníṣẹ́ náà lórí. Ẹ̀gbọ́n mi kà á parí.

“Ìpè yẹn ńkọ́?”

“Ìpè wo, Ẹ̀gbọ́n?”

“Má ṣe mí bẹ́ẹ̀.”

“Bí mo ṣe rántí rẹ̀ kọ́ nìyẹn.”

“Ṣé o rántí ni, àbí bí o ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn? Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá pè mí wá ṣàlàyé, ṣé ohun tí mi ò gbọ́ ni màá máa sọ?”

Mo tún lẹ́tà náà kọ. Mo kọ ọ́ pé oníṣẹ́ béèrè kí ó tó ṣe é, àti pé àbúrò òun, ẹni tí ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà kò nílò fáànù, ni ó fún un láyè. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo kọ.

A gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àpápá. Akọ̀wé tí ó gbà á kò ka ìlà kan. Ó ṣí ojú ìwé tí ó gbẹ̀yìn, ó wò ó bóyá a ti fọwọ́ sí i, ó sì jù ú sórí òkìtì lẹ́tà mìíràn.

“Bí bátìrì bá kú, ẹ̀bi ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni, Màdáàmù. Ó di ìdánwò tó ń bọ̀.”

Mo bi í pé ta ni ó gbé ìdánwò wákàtí mẹ́ta kalẹ̀ fún ìlú tí iná rẹ̀ kì í dúró. Mo bi í pé ṣé ó mọ ohun tí ó ná wa kí a tó kọ ojú ìwé méjì yẹn. Ohùn mi ti lọ sókè, àwọn ènìyàn sì ń wò wá. Akọ̀wé náà pe ẹni tí ó kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá. Tírélà kan ń dúró dè é ní èbúté, ó sì ti pẹ́. Mo tẹ̀lé e débẹ̀. Ẹni tí ó wà lójú fèrèsé kékeré ẹnu géètì gbé ìwé ẹrù sókè, ó pe orúkọ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Èmi nìyí, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó sì sáré lọ gbà á.