Okùn Aṣọ Wa Lójú Kámẹ́rà

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kan kámẹ́rà mọ́ ògiri ilé wa ní Imeke. Bí mo bá wà nílé, àwòrán rẹ̀ ń hàn lórí fóònù mi dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti jáde kúrò níbi tí Wáífáì ilé dé, ojú fóònù á dúdú kirikiri. Mo tún un ṣe títí, ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kó tó di pé mo jókòó sí ọ́fíìsì ní Ọ̀tọ̀ tí mò ń wo adìẹ tó ń tú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé mi. Kámẹ́rà náà ń gbọ́ ohùn, ó sì ń sọ̀rọ̀: bí mo bá sọ̀rọ̀ sí fóònù, ohùn mi á jáde lára ògiri. Gbogbo ọ́fíìsì ni mo fi hàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún pé kámẹ́rà rí ènìyàn. Ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó ń ká aṣọ wa lórí okùn sínú báàfù. Oòrùn ń ràn ní Ọ̀tọ̀. Òjò ò sí lọ́kàn mi rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti péjọ sẹ́yìn mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní, "Ìwọ olè yìí, gbé e sílẹ̀ kíá. Mò ń wò ọ́."

Ẹni náà yíjú padà. Màmá tí ilé wọn kọjú sí tiwa ni, àgbà Ègùn tó kọ́kọ́ bu ẹja fún wa lọ́jọ́ tí a kó dé láti Èkìtì. Wọ́n wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ títí, wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n rọra gbé báàfù kalẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Òjò ló ń bọ̀."

Wọ́n jáde. Kò pẹ́ tí òjò fi dé, ó ń rọ̀ sínú báàfù náà níṣojú gbogbo wa. Ládùúgbò wa, ẹni tó bá wà nílé ló ń ká aṣọ ẹni tí kò sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ìyàwó mi béèrè bóyá mo ti pe ìyá tó bí mi ní "ìwọ" rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde láàárọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fóònù tún dún. Òjò ti ń kán ní Imeke. Mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ Màmá, mo sì ń bẹ̀rù pé kó má lọ jẹ́ àwọn. Àwọn ni. Wọ́n ká ṣẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n nà án sókè síwájú kámẹ́rà, wọ́n ní sùúrù kí n rí i dáadáa, kí wọ́n tó fi í sínú báàfù. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìró ìyàwó mi, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣòkòtò mi. Mo tẹ fóònù kí n lè sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa kó o lọ, àmọ́ mo rántí ohun tí ògiri yẹn sọ sí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ ìka mi kúrò. Òjò ti pa wọ́n rin gbindin kí wọ́n tó fi ìbọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn hàn mí.