Obìnrin Tí Kò Borí Nínú Kọ̀ǹpútà

"Mo ti mú un! Mo ti mú un o! Ẹ wá wò ó, mo ti di etí aṣọ rẹ̀ mú!"

Bí mo ṣe ké nìyẹn, àfi bí ẹni tó mú adìyẹ tó já lọ́jọ́ ọdún. Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù wa l'Ókè-Fìà gbọ́ ọ, ó yọrí wọlé.

"Olè ni àbí kí ni?"

"Kì í ṣe olè," ọ̀gá mi dá a lóhùn, àwọn náà ti dìde dúró. "Obìnrin tí kò borí ni."

Ọkùnrin náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Torí pé kò borí lẹ ṣe mú un?"

Ẹ̀rín pa mí débi pé ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lórí máòsì.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná, kí n tó sọ bó ṣe jẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé ní Igbona, mo sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti pósítà. Bàbá mi ní Iléṣà ò gba iṣẹ́ yẹn gbọ́ rárá. Lójú tiwọn, àpótí kan tó ń tanná ni wọ́n ní kí n máa jókòó wò. Wọ́n tiẹ̀ ti ra máṣíìnì ìránṣọ fún mi, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àǹtí mi. Wọ́n ní, "Bí oṣù yìí bá parí tí ọ̀gá rẹ ò gbà ọ́ síṣẹ́, ọ̀dọ̀ aránṣọ lo máa lọ." Máṣíìnì yẹn ò ṣẹ̀ mí o. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, bí mo bá sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé máṣíìnì ń fi abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́yìn.

Oṣù ti ń parí lọ nígbà tí Màmá Akọrin, tí ilé wọn ò jìnnà sí ti bàbá mi, dé láti Iléṣà. Àwọn ni aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan tí obìnrin ò gbọdọ̀ wọ̀ láìborí. Wọ́n wá wo pósítà ìkórè tí ọ̀gá mi ń bá wọn ṣe. Ọ̀gá mi ti kó àwòrán akọrin tí àwọn òyìnbó yà sínú kọ̀ǹpútà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n fún mọ́ra, èjìká ẹnìkan bo tẹnìkejì, gbogbo wọn la ẹnu gbàgà. Ó wù mí jọjọ.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni Màmá Akọrin wí. Wọ́n fi jígí wọn sójú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín bá dá.

"Ọma mi, ta nìyí?"

"Akọrin yín ni, mà," ni ọ̀gá mi dá wọn lóhùn.

"Akọrin mi, orí òfìfo? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Àwọn òyìnbó tó ya àwòrán yẹn, kí ni wọ́n mọ̀ nípa ìborí? Àwa tó yẹ ká mọ̀, ẹnu tí wọ́n là la ń wò. Àwọn obìnrin tó wà níwájú dé fìlà akọrin. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn pátápátá ló tú irun rẹ̀ sílẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ọ̀gá mi ní kò le, pé àwọn á fà á jáde, àwọn á wé ìborí fún un, àwọn á sì dá a padà. Wọ́n gbé máòsì lé irun rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bàbá onírùngbọ̀n kan tó wà níwájú ló jáde. Wọ́n dá bàbá padà, wọ́n tún tẹ irun yẹn. Bàbá onírùngbọ̀n!

"À ń pe ìyàwó, ọkọ ń dáhùn," ni Màmá Akọrin wí.

Ọ̀gá mi bá gbé bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, obìnrin sísanra kan ló dáhùn, gbogbo ìlà sì dàrú.

"Ẹ dá bàbá padà síbi tí ẹ ti gbé wọn! Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé!"

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé inú àpótí tirẹ̀ ni àwòrán kọ̀ọ̀kan wà, àpótí náà sì mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ojú ń rí irun obìnrin yẹn kedere, àmọ́ gíláàsì bàbá onírùngbọ̀n ló wà níwájú rẹ̀, òun náà sì ni máòsì ń bà.

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. "Ẹni tó bá fa obìnrin yìí jáde láìba ìlà jẹ́, àga yìí di tirẹ̀."

Àwọn fi ṣàwàdà. Èmi ò gbọ́ àwàdà kankan níbẹ̀.

Ìyá àgbà mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo rántí. Nígbà ìsinmi, orí ẹní kan náà ni gbogbo àwa ọmọ-ọmọ máa ń sùn, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jí ẹnì kan kó lọ pọnmi, wọn kì í pè é, wọn kì í sì í na ọwọ́ sáàárín wa, torí ẹlòmíì ni ọwọ́ máa bà. Ẹsẹ̀ onítọ̀hún tó yọ síta ẹní ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á fa ọmọ ìka rẹ̀, òun nìkan á sì jí. Ìka tèmi ni wọ́n máa ń fà jù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbìyànjú."

Mo fi orí obìnrin yẹn sílẹ̀, mo gba ìsàlẹ̀ lọ. Mo sọ àwòrán di ńlá títí bàtà wọn fi tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Ó wà níbẹ̀! Etí aṣọ rẹ̀ yọ díẹ̀ lápá òsì, níbi tí gíláàsì ẹnikẹ́ni ò dé. Mo di èémí mú, mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn àmì dúdú kéékèèké tó máa ń yí àwòrán tí a bá mú ká yọ, wọ́n yí òun nìkan ká. Ìgbà yẹn ni mo figbe ta.

Mo fà á jáde, mo wé ìborí funfun fún un, mo dá a padà. Bàbá onírùngbọ̀n ò tilẹ̀ mira.

"Ó ti wá jọ ọmọ ìjọ báyìí," ni Màmá Akọrin wí. "O káre, ọma mi. Ọ̀gá, àga ńkọ́?"

"Màmá, mo kàn ń ṣeré..."

"Etí mi gbọ́ ọ. Èmi ni ẹlẹ́rìí."

"Èmi náà gbọ́ ọ!" ni ọlọ́kadà wí. Irọ́ ni, kò tíì dé nígbà yẹn.

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti àga náà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, mo ti di òṣìṣẹ́. Màmá Akọrin ní bí àwọn bá ti dé Iléṣà, ilé bàbá mi ni àwọn máa kọ́kọ́ yà láti ròyìn fún wọn.

Kí àǹtí mi tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wọ́ máṣíìnì ìránṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nu eruku ara rẹ̀, mo gé yúnífọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ jáde níléèwé, mo sì fi rán ìborí fún kọ̀ǹpútà.